Àǹtí Nọ́sìrì Gbọ́dọ̀ Kọ́ṣẹ́

Bí ọmọbìnrin kan ní Ìwó bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti bí a ṣe ń kọ́ wọn, gbogbo wa la mọ èsì tó máa gbọ́. "Ìyẹn náà niṣẹ́? Ọmọ títọ́ lo fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́ta kọ́? Ta ló kọ́ mi kí n tó tọ́ ẹ dàgbà?" Wọ́n á ní kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Bí máàkì JAMB rẹ̀ kò bá gbé e débẹ̀, wọ́n á ní kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kó má baà jókòó lásán nílé, wọ́n á bá a wá nǹkan ṣe ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó àwọn ọmọ ọdún méjì àti mẹ́ta lé e lọ́wọ́, wọ́n á máa pè é ní Àǹtí, ó di olùkọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kò tó ohun tí èèyàn ń lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ni wọ́n gbé fún ẹni tí kò kọ́ ọ rárá.

N kò bá ọmọbìnrin náà jà. Ìgbàgbọ́ tó gbé e débẹ̀ ni mo ń bá jà, pé bí ọmọ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ nílò ṣe kéré tó. Ìgbàgbọ́ yìí wọ inú ilé wa, ó wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń gba tíṣà síṣẹ́, ó sì ti di òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín kíláàsì. Olùkọ́ tó dáńtọ́ jù lọ, kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni wọ́n ń fún un, torí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí ara rẹ̀ kò yá, èyí tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, nọ́sìrì ni wọ́n ń fi sí. Lẹ́yìn náà la óò wá máa béèrè ìdí tí ọmọ kíláàsì kẹrin kò fi lè ka ojú ìwé kan já.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa àgbà ni àwọn tó ń takò mí máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò mọ ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, síbẹ̀ wọ́n tọ́ ọmọ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ náà sì yanjú. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ kí a wo òótọ́ náà dáadáa, torí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tèmi ló dúró sí. Ta ló fi ìyàwó tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú àkọ́bí rẹ̀ láyé àtijọ́? Ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ náà. Ìyàwó á jókòó tì í, á máa wo bó ṣe ń gbé orí ọmọ dání, bó ṣe ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń fi òróró ra á lára. Yóò wò ó títí kí wọ́n tó gbé ọmọ fún un pé ó yá, kó máa dá wẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ bá ń ké lóru, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi wọlé wá sọ fún un bóyá inú rírun ni tàbí ebi. Kí obìnrin tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti pọn ọmọ àbúrò, ó ti pọn ọmọ orogún, ó ti bá ìyá tirẹ̀ tọ́jú ọmọ ẹni tó lọ sóko. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn, lábẹ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, ó sì gùn ju ọdún mẹ́ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ dáadáa. Ẹni tó bá ní àwọn ìyá wa kò kọ́ ọ, kò wo bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn.

Ẹ tún wo iye ọmọ. Nínú agbo ilé, ọmọ ọwọ́ kan lè wà, kí èyí tó ń rá wà, kí èyí tó ti ń sáré kiri wà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n tó lè gbé wọn pọ̀n. Kò sí ìyá àgbà kan tí wọ́n kó ọgbọ̀n ọmọ ọdún méjì fún nínú yàrá kan láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, kí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, kí gbogbo wọn máa ké pe ìyá wọn, kó má sì mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá. Ohun tí a ń gbé fún ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún lónìí, àwọn ìyá wa kò ṣe irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tuntun ni. A kò lè fi orúkọ wọn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ àwa kọ́ ni kò mọyì ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kò sí ìyá tó ń ná ọjà Odò Orí ní Ìwó tó máa gbé léèsì rẹ̀ fún télọ̀ tí kò tíì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù pé kó bá òun gé e. Á béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ, á ní kó gbé èyí tó ti rán rí wá. Ìyá kan náà á gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nílùú Ìwó yìí pàápàá, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ kéwú ti kọjá ààlà Ọ̀ṣun, a kì í gbà kí ẹni tí kò tíì ka Kùránì já jókòó níwájú wàláà máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Níbo la ti wá rí i pé nọ́sìrì nìkan ni kò gba ẹ̀kọ́?

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan jókòó sídìí tábìlì, ó fi gbogbo ìka di pẹ́ńsù mú. Wọ́n ti kọ 1 sókè ìwé rẹ̀, òun náà ní láti kọ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, òógùn ń bẹ lórí imú rẹ̀, ìlà tó ń fà ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, bébà sì ti ya níbi tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Àǹtí rẹ̀ fi rúlà gbá a lọ́wọ́, ó ní kó kọ ọ́ kó dúró ṣánṣán. Àǹtí náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ̀ pé ìyá ọmọ máa ṣí ìwé náà wò nílé, ó sì mọ̀ pé bí kò bá rí nǹkan tó kún ojú ìwé, yóò wá bá gíwá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé àwọn eegun kéékèèké ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì gbó, pé púpọ̀ nínú wọn ṣì rọ̀. Ọmọ náà kò ya alágídí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì lè ṣe é.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, á fún un ní amọ̀ kó máa pò, á kó ìdérí ìgò fún un kó máa ṣà á sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ kó máa fi okùn la ihò ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá, á da iyanrìn sínú atẹ́ kó máa fi ìka fa ìlà sí i. Lójú òbí tó bá yọjú lójú fèrèsé, eré ni wọ́n ń bá ọmọ òun ṣe, owó òun sì ń lọ. Iṣan tí ọmọ náà máa fi di pẹ́ńsù mú tó bá di ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ń tọ́jú fún un. Àtimọ èyí tí a máa fún ọmọ, ní ọjọ́ orí wo, fún ìgbà wo, kí ni a máa ṣe bó bá kọ̀ ọ́: ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, kì í sì í jáde wá láti inú obìnrin kan kìkì torí pé obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà tún le ju ti pẹ́ńsù lọ. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí ẹ̀pà há sí lọ́fun lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láyé mọ́. Ẹni tí kò kọ́ ọ á ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á máa wá ohun tí kò rí, á sì tì í wọlé sí i, tàbí kó sáré bu omi fún un mu. Ẹni tó kọ́ ọ á dojú ọmọ náà délẹ̀ sórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì títí dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, á máa wò ó bóyá ẹ̀pà ti jáde. Bí kò bá tíì jáde, ó mọ ohun tó kàn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń kọ́ni ní èyí. Àǹtí mélòó ní nọ́sìrì wa ni ẹnikẹ́ni ti fún ní ọjọ́ kan yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n tún mẹ́nu ba ọmọ tí a ń pè tí kì í dáhùn. Orúkọ tí a ń sọ ọ́ ni olóríkunkun, pàṣán ni oògùn rẹ̀. Olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ á pè é láti ẹ̀yìn, á pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kan, lẹ́yìn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, á wo etí náà bóyá ó ń ṣọyún, á sì ránṣẹ́ pe òbí pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kò ní tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ kò ní tètè mọ̀wé. Ẹni àkọ́kọ́ tó lè rí i ni Àǹtí nọ́sìrì, torí òun ló ń rí ọmọ náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá mọ ohun tó ń wò, ó lè tó ọdún mẹ́rin sí i kí ẹlòmíràn tó rí i.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí rò pé àwọn ń sanwó fún. Nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí Àǹtí náà ní ló ń sọ fún wọn láti àárọ̀, ọmọ á máa wò ó lẹ́nu. Ní 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìmọ̀ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní St. Stephen's "A" School, Modákẹ́kẹ́, níbi tí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn tó ń sọ ìtàn yẹn kì í sábà rántí pé wọ́n kọ ìwé tuntun fún un, wọ́n sì múra àwọn olùkọ́ sílẹ̀ fún un. Yorùbá nìkan kò ṣiṣẹ́ náà láìsí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi kọ́ni. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, bí a tilẹ̀ fún un láyè láti sọ Yorùbá, kò ní ju "jókòó" àti "panu mọ́" lọ láti fi í sọ fún ọmọ.

Ìjọba kò lè ní òun kò mọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 ti ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ iṣẹ́ ìjọba. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní 2013 fi ọdún kan ṣáájú kíláàsì kìíní kún ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, ó ní olùtọ́jú kan sí ọmọ mẹ́wàá ní kírẹ́ẹ̀ṣì, olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní nọ́sìrì, ó sì ní eré ni kí a máa fi kọ́ wọn. NCE ni ó fi ṣe ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ fún ẹnikẹ́ni tó máa ṣe tíṣà. Àjọ NCCE tó ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ti ya NCE ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni, wọ́n ń lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní ọdún kẹta, ẹni tó bá parí rẹ̀ lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ mẹ́fà tuntun, Ìwó ni wọ́n sì gbé ti Ọ̀ṣun sí. Ọ̀nà ti là dé ẹnu ilé wa. Àwa la ní kí ọmọ wa má gba ibẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ti dé London mọ̀ pé ibòmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní England, òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ tọ́jú ju ọmọ mẹ́ta lọ bí àwọn ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹnì kan ó kéré tán láàárín àwọn tó ń tọ́jú wọn sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí Level 3. Nígbà tí ìjọba wọn sọ ti ọmọ ọdún méjì di márùn-ún sí òṣìṣẹ́ kan dípò mẹ́rin ní 2023, àwọn òbí àtàwọn òṣìṣẹ́ fárígá. Obìnrin Yorùbá tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún, á forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí ẹni tó máa fi í ṣẹ̀sín.

Àwọn tó ń polówó nọ́sìrì wọn fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwádìí ti fi hàn pé ọmọ tó bá tètè wọ ilé ìwé ló máa ń ṣorí ire. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù ni ti jẹ́lé-ó-sinmi Perry ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láàárín 1962 àti 1967. Ọmọ 123 ni wọ́n mú, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, apá kan lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi náà, apá kejì kò lọ, wọ́n sì ń tọpa wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Àwọn tó lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi náà rí owó ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n dàgbà, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti gba dìgírì, ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò ju bíi mẹ́fà lọ, olùkọ́ sì ń lọ bá ìyá ọmọ nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi àbájáde wọn tajà fún wa, ẹ kọ́kọ́ gba irú olùkọ́ wọn.

Ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ tí à ń pàtẹ́wọ́ fún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ń tán lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì di yunifásítì ní 2020. Ti Adéyẹmí ní Oǹdó, ti Ẹmmánúẹ́lì Aláyándé ní Ọ̀yọ́, ti Ìléṣà níhìn-ín ní Ọ̀ṣun, àtàwọn ti ìpínlẹ̀ Èkó náà ti tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ St. Andrew's tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, ilẹ̀ rẹ̀ ni Yunifásítì Ajàyí Crowther wà báyìí. Orí òkè tí Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó láti 2001 ńkọ́? Baptist College ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó lọ ká gbogbo àgbègbè yìí. N kò sọ pé yunifásítì kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti di yunifásítì, òfin àti ìṣirò owó ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ kà níbẹ̀, ẹ̀ka àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á di èyí tí wọ́n fi ń kó àwọn tí kò rí ààyè níbòmíràn sí. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti 2023 ti jẹ́ kí wọ́n lè máa fúnni ní dìgírì pẹ̀lú NCE láìyí orúkọ padà. Kí ti Ìwó dúró síbẹ̀.

Bí a ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ náà ń bà mí nínú jẹ́. Ní 2024, máàkì JAMB 140 ni wọ́n ní kó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹni tó fẹ́ ṣe NCE kò ní láti jókòó ṣe ìdánwò JAMB mọ́. Wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀kùn gbòòrò, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wọlé ní láti wo owó tí wọ́n máa gbà tí wọ́n bá jáde. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000 láti oṣù keje 2024, ọ̀pọ̀ nọ́sìrì aládàáni ni kò sì san iye yẹn fún Àǹtí. Ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí owó tó kéré sì dúró dè ọ́ nínú ilé, ohun tó ń sọ fún ọmọ wa ni pé iṣẹ́ náà kò níyì.

Mo gbà pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ẹ̀bi tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ìwé àkọsílẹ̀ kún fún ọdún méjì nípa ọmọ wẹ́wẹ́ láì fọwọ́ kan ọmọ kan. Bí ó bá fi máa lọ dánra wò ní ọdún kẹta, ẹkún ọmọ á máa já a láyà. Èyí kò sọ ẹ̀kọ́ di asán, ó kàn ní kí a tún un ṣe ni. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwó ní nọ́sìrì tirẹ̀ nínú ọgbà, tí àwọn ọmọ ìlú máa wá, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún kìíní, kí ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n jókòó tì í bí ìyá ọkọ ṣe jókòó ti ìyàwó lọ́jọ́sí.

Àwọn onílé-ìwé á ní owó kò sí, pé òbí kò lè san ohun tí olùkọ́ NCE ń béèrè. Mo mọ bí nǹkan ṣe le tó. Mo sì mọ ohun tí àwọn òbí kan náà ń san ní ìparí ọdún: owó gáwùn àti fìlà yunifásítì fún ọmọ ọdún márùn-ún, owó fótò, owó kéèkì, owó àga àti kánópì, owó ẹni tó ń ta orin. Ilé ìwé ló kọ àwọn owó wọ̀nyẹn sórí bébà, òbí sì san án. Ẹ kọ owó Àǹtí síbẹ̀ dípò gáwùn, ká wò ó bóyá wọn kò ní san án.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láìgba ẹ̀kọ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ọmọ, wọ́n sì ti fi ojú wọn rí ohun tí ẹni tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tíì rí. Ètò sáńwíìṣì wà fún irú wọn, tí wọ́n máa ń ṣe ní àkókò ìsinmi, kí èèyàn má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí onílé-ìwé san ìdajì owó rẹ̀, kí Àǹtí fọwọ́ sí i pé òun máa ṣiṣẹ́ fún un ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó bá parí. Kí ìjọba Ọ̀ṣun ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tirẹ̀ ní ilé ìwé ìjọba, kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, má sì yọ ẹni tó bá gba NCE ọmọ wẹ́wẹ́ kúrò ní nọ́sìrì lọ sí kíláàsì kẹfà mọ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, kí orúkọ wọn wà nílẹ̀ kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ń bọ̀ tó dé.